Wòlíì Babalọlá ní Ẹ̀wọ̀n Ìbíní

Púpọ̀ nínú àwa tí a ti ilẹ̀ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀wọ̀ àti Àkókó wá ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wa ní ìlú Ìbíní yìí ni ó mọ orúkọ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá dáadáa. A mọ agogo ọwọ́ rẹ̀, a mọ omi àdúrà, a sì ti gbọ́ ìtàn ìsọjí Òkè-Ooyè láti ẹnu àwọn òbí wa. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa léèrè ohun tí ó pa ọkùnrin náà pọ̀ mọ́ ìlú tí a ń gbé yìí, díẹ̀ nínú wọn ni yóò lè dáhùn. Ẹ̀wọ̀n ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1932 ni wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Ìbíní níhìn-ín. Nítorí ìtàn ẹ̀wọ̀n yìí ni mo ṣe fẹ́ sọ ti ìgbésí ayé rẹ̀ fún yín.

A bí i ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ní Odò-Ọ̀wá, ní apá ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Bàbá rẹ̀, Dáfídì Rótìmí, jẹ́ Bàbá Ẹgbẹ́ nínú ìjọ C.M.S. ìlú náà, nítorí náà Babalọlá kì í ṣe ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ilé Ọlọ́run hàn. Ní ọdún 1914 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ, a sì fi í sí ilé-ìwé ní agbègbè Èkó. Ó tún kàwé ní Òṣogbo, ó dé ìwé kẹrin, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kò pẹ́ nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ iṣẹ́ P.W.D., èyíinì ni iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba, tí wọ́n sì fi í sórí róòlà, ẹ̀rọ ńlá tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí ń tẹ ilẹ̀ ọ̀nà kí ó lè le. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ náà o. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ti kúrò ní ẹgbẹ́ tálákà.

Ẹni tí ó bá gba Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ láti ìlú wa yìí lọ sí Àkúrẹ́, tí ó sì kọjá lọ sí Iléṣà, yóò gba ẹ̀bá Ìkejì-Arákeji. Àdúgbò yẹn ni Babalọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1928. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò rí oorun sùn, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, róòlà náà kú lójijì lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, kò rí ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí òun tìkára rẹ̀ ròyìn títí ó fi kú ni pé òun gbọ́ ohùn kan tí ó pe orúkọ òun ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ó sì pàṣẹ pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ máa wàásù. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó rọ̀ ọ́ pé kí ó má lọ. Ó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìjọ tí ó ń dúró dè é, kò sì sí ẹni tí ó ṣèlérí oúnjẹ fún un. Àwẹ̀ àti àdúrà ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí, níbẹ̀ ni ó sì ti gba agogo àti ìgò omi tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ó padà sí Odò-Ọ̀wá, eérú ni ó fi kun ara wọ ìlú, ó ń lu agogo, ó ń ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Ẹ fi ojú inú wò ó. Ọmọ Bàbá Ẹgbẹ́, tí ilé mọ̀ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni ó dé báyìí. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ìlọrin pé ó ń da ìlú rú, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kò gba irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ mọ́ra, ó sì di dandan kí ó wá ibòmíràn.

Ibòmíràn náà ti wà kí ó tó dé. Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn lukúlukú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ C.M.S. kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Sádáre, tí a mọ̀ sí Ẹ̀ṣinṣinadé, ni olórí wọn. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run nìkan ni oníṣègùn, wọ́n sì kọ oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó sílẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ yìí ni ó di Faith Tabernacle ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 1929 ni wọ́n ri Babalọlá bọmi ní Èkó, ó sì di ọ̀kan nínú wọn.

Ní oṣù keje ọdún 1930 àwọn aṣáájú ìjọ náà pàdé ní Iléṣà láti jíròrò lórí àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn, pàápàá ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní ju aya kan lọ. Babalọlá kì í ṣe àgbà nínú ìpàdé yẹn rárá. Ìròyìn tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni pé wọ́n gbé ọmọ kan tí ó ti kú dé ìtòsí, Babalọlá gbàdúrà sí i, ọmọ náà sì jí. Ọ̀rọ̀ ìpàdé parí síbẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí ya wá, ilé ìsìn kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì kó jáde lọ sí gbangba Òkè-Ooyè. Àwọn ènìyàn wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti ìlú òkèèrè, ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, aláìsàn ń bẹ ní orí ẹní. Wọ́n gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Wọ́n kó òrìṣà, ońdè àti oògùn ilé wọn wá, wọ́n sì jó wọn níná. Láti Iléṣà iná náà ràn dé Ìbàdàn àti ilẹ̀ Èkìtì. Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọba ìlú, Aládéjàre Agúnṣóyè, di onígbàgbọ́, ìlú náà sì di ilé fún Babalọlá ju ìlú tí a ti bí i lọ.

Inú ogo báyìí ni ó wà nígbà tí ó lọ wàásù ní Otuo, ní ìhà àríwá ìlú wa yìí, nínú Ẹ̀kùn Ìbíní ti ayé ìgbà náà, tí ó jẹ́ ara Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ó wàásù níbẹ̀ lòdì sí àjẹ́, rúkèrúdò sì ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá mú un. Òfin ìjọba òyìnbó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí a máa na ìka àjẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ó sì wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa títí di òní. Èmi kò ní sọ pé òfin náà kò nídìí, nítorí a ti rí arúgbó tí wọ́n fìyà jẹ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, a mọ̀ pé ọwọ́ ìjọba kò dẹ̀ lára àwọn aládùúrà rárá ní ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù èrò ń bà wọ́n. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọkùnrin tí ayé ń sọ pé àdúrà rẹ̀ jí òkú ni a tì mọ́lé yìí. Gbogbo wa ni a ti kà nípa ilẹ̀ tí ó mì ní Fílípì nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Sílà wà nínú túbú, a sì ti kà nípa áńgẹ́lì tí ó mú Pétérù jáde. Ó dájú pé àwọn tí ó ti rí Òkè-Ooyè yóò máa retí irú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n Ìbíní kò ṣí. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá, oṣù mẹ́fà sì pé. Ẹlẹ́wọ̀n ni ó jẹ́ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, tí èdè rẹ̀ kì í ṣe èdè tirẹ̀. Àwa tí a jẹ́ àlejò níhìn-ín mọ bí ìṣòro ṣe ń wúwo sí i nígbà tí kò sí ẹbí nítòsí.

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ìyanu nìkan ni ó ṣe gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, oṣù mẹ́fà yẹn tó láti pa ìgbàgbọ́ náà. Ọ̀nà P.W.D. ṣì wà, ẹni tí ó mọ róòlà wà kò ní ṣàìrí iṣẹ́. Kò padà síbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ẹnìkan tí ó ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ pè é wá sí Creek Town ní ìhà Kàlàbá, láti wá ran àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà lórí ìpè náà, ó sì lọ, sí ilẹ̀ àjèjì mìíràn, pẹ̀lú ìwàásù kan náà tí ó ti gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1936 ó dé Gold Coast, tí ó di Gánà. Ní tèmi, ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n yìí mú mi gba ọkùnrin náà gbọ́ ju gbogbo ìtàn Òkè-Ooyè lọ. Láàárín wa, àwọn kan ti gbàdúrà fún ọmọ, fún iṣẹ́, fún ìwòsàn, tí ilẹ̀kùn kò tíì ṣí, wọ́n sì ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ìgbàgbọ́ àwọn kéré. Kí wọ́n rántí ẹlẹ́wọ̀n yìí.

Ìdánwò mìíràn wá láti inú ilé. Nítorí ìnira ọwọ́ ìjọba, àwọn aṣáájú ti darapọ̀ mọ́ ìjọ Àpọ́sítélì ti Ìlú Ọba, tí àwọn àgbà rẹ̀ kọ́kọ́ wá ní ọdún 1931. Ní ọdún 1932, ọdún ẹ̀wọ̀n náà gan-an, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé láàárín wọn. Ìfẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀. Kí ni ó wá da àárín wọn rú? Kuiníìnì. Àwọn òyìnbó ń lò ó nítorí ibà, àwọn aládùúrà sì ní ẹni tí ó ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ gbé oògùn mì. Ọ̀rọ̀ náà le títí wọ́n fi pínyà láàárín ọdún 1939 sí 1941. Babalọlá, Odùbánjọ àti Akínyẹlé, tí ó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, wà ní apá tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1943, tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kuiníìnì, mo sì ń gba àwọn ìyá ọlọ́mọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n tètè gbé ọmọ tí ibà mú lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò lè pe Babalọlá ní alágàbàgebè. Ohun tí ó wàásù ni òun náà ń ṣe.

Kò ṣíwọ́ ìrìn-àjò ìwàásù títí di òpin. Ẹdẹ ni ó wà ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959 nígbà tí ó sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ní Ìkejì-Arákeji, níbi tí róòlà ti kú sí abẹ́ rẹ̀, ìjọ rẹ̀ dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní ọdún 2006, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Àwọn ọmọ wa láti Ìbíní níhìn-ín lè gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ kàwé níbẹ̀.