Ògèdèǹgbé: Akọni tó jagun, tó tún gba àlàáfíà

Ọ̀nà Òkè-Fìà ní Òṣogbo sí Iléṣà kò jìnnà rárá lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà ayé Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọ̀tọ̀ ni ìhà tí ìlú méjèèjì wà. Láti nǹkan bí ọdún 1840 tí Ìbàdàn ti lé ogun Ìlọrin kúrò ní Òṣogbo ni Òṣogbo ti ń bá Ìbàdàn ṣe. Ìbàdàn yìí kan náà ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń bá jà.

Ọmọ Àtọ́rin, nítòsí Iléṣà, ni Ògèdèǹgbé. Nígbà èwe rẹ̀ ni ogun Ìbàdàn kó o lẹ́rú, Ìbàdàn náà ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ogun kó tó padà sílé. Nígbà tí Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870, ńṣe ló sá àsálà.

Ní 1878, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn. Fábùnmi ará Òkè-Ìmèsí ló kọ́kọ́ ṣíwájú wọn. Ògèdèǹgbé fi falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun. Ìlú kékeré kan, Ìmèsí-Ilé, ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Igbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbàgbọ́ tó ti oko ẹrú dé, ló ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìró ìbọn wọ̀nyí ló bí orúkọ Kírìjì.

Àwọn onígbàgbọ́ náà ló tún gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà wá. Ní 1886, gómìnà Èkó rán àlùfáà ìjọ CMS méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí àgọ́ méjèèjì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àlàáfíà. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira, ṣùgbọ́n Ọ̀tàn, Ìrèsí, Àdá àti Igbájọ ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó kúrò. Àdéhùn tó korò ni, síbẹ̀ Ògèdèǹgbé gbà á. Àgọ́ kò tú títí di 1893.

Ní 1894, òyìnbó kan, Captain Bower, mú un, ó sì tì í mọ́lé. Lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sí Iléṣà, ó sì jẹ oyè Ọbańlá. Ó kú ní 1910.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ìlú mẹ́rin tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Ìbàdàn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n wà báyìí, pẹ̀lú Iléṣà àti Òṣogbo.