Leland Clark, Ẹni Tó Bí Sensor Wa

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ carbon nanotube ní ẹ̀ka wa, Leland Clark ni mo máa ń rántí.

Ìlú Rochester, ní New York, ni wọ́n bí i sí ní 1918. Yunifásítì Rochester ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1944. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n jọ́nà kan dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, torí kò lè wọn ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ó bá múra láti wá òṣùwọ̀n.

Electrode pílátínọ́mù ti wà, àmọ́ àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ a máa bò ó lójú. Clark fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó: ọ́síjìn ń kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò lè kọjá. Ó gbé e jáde ní 1956.

Ní 1962, òun àti Champ Lyons fi enzyme tó ń jẹ glucose sórí electrode náà. Bí glucose bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́síjìn ṣe ń dín kù tó, iná tó ń kọjá á sì fi iye rẹ̀ hàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń yẹ ara wọn wò ti ṣẹ̀.

Clark kú ní 2005. Nanotube ń jẹ́ kí electron tètè dé ojú electrode lónìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: kí ni ká jẹ́ kó wọlé, kí ni ká dá dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ̀yin tí wọ́n dá iṣẹ́ yín padà, ẹ tún ìdí rẹ̀ kà dáadáa. Iṣẹ́ tó kàn lè wà níbẹ̀.