Ọba Faisal: Ọwọ́ Tó Ń Gbà Di Ọwọ́ Tó Ń Fúnni

Ìtàn Ọba Faisal ọmọ Abdul-Aziz ti ilẹ̀ Sáúdí ni a gbé wá fún yín lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ọba tí kò ta epo rọ̀bì fún Amẹ́ríkà ní ọdún 1973. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Ẹ̀kọ́ náà ni bí ilẹ̀ tí ó ń tọrọ lánàá ṣe lè di ilẹ̀ tí ó ń ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà máa bi ara wọn.

Ọdún 1906 ni wọ́n bí Faisal ní ìlú Riyadh. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀, Tarfa, fi ayé sílẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀, àgbà àfáà kan tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, ni ó tọ́ ọ dàgbà, tí ó sì kọ́ ọ ní Kùránì. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé epo wà lábẹ́ iyanrìn ilẹ̀ wọn. Bàbá Faisal pàápàá ń gba owó ìrànlọ́wọ́: láti ọdún 1917, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún un ní £5,000 lóṣooṣù fún ọdún mélòó kan. Ní Mọ́kà àti Mọ̀dínà, ọkà àti owó tí ó ń wá láti ilẹ̀ Íjíbítì ni ọ̀pọ̀ aláìní fi ń jẹun. Íjíbítì kan náà ni ó ń hun aṣọ tí wọ́n fi ń bo Kaaba.

Faisal kò ju ọmọ ọdún 13 lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1919 láti ṣojú òun. Ní ọdún 1926, ó di aṣojú ọba ní agbègbè Hijaz, níbi tí Mọ́kà àti Mọ̀dínà wà. Ní ọdún 1930, ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Owó tí àwọn tó wá ṣe Hájì ń san ni òpó tí ìjọba wọn dúró lé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní àsìkò náà, àwọn tó ń wá Hájì dín kù, àpò ìjọba sì gbẹ. Ní ọdún 1932, Faisal rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, títí dé Moscow. Ó béèrè owó yíyá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n wọn kò yá a. Ọmọ ọba ni, síbẹ̀ ó mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn tọrọ kí wọ́n má fún un.

Ọdún 1938 ni wọ́n rí epo púpọ̀ ní Dammam. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, owó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé bí omi, ṣùgbọ́n ìná àpà kò jẹ́ kí ó dúró. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1958, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn lábẹ́ Ọba Saud, ẹ̀gbọ́n Faisal. Faisal ni wọ́n fi ìṣàkóso lé lọ́wọ́. Ó dín owó ààfin kù, ó sì san gbèsè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tí gbèsè mu dé ọrùn kò lè ran aládùúgbò lọ́wọ́. Iffat, aya rẹ̀, ti dá ilé ẹ̀kọ́ Dar al-Hanan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní Jeddah ní ọdún 1955. Ní ọdún 1962, nígbà tí Faisal jẹ́ olórí ìjọba, wọ́n fòpin sí ẹrú níní. Ní November 1964, ó gorí oyè.

Ibi tí a ti lè wo ọkàn ọba yìí dáadáa ni ọ̀rọ̀ òun àti Gamal Abdel Nasser ti Íjíbítì. Láti ọdún 1962 ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yẹ́mẹ̀n. Àwọn ọmọ ogun Íjíbítì ń jà fún àwọn tó gba ìjọba, Faisal sì ń ti ọba tí wọ́n lé kúrò lẹ́yìn. Ọkọ̀ òfurufú Íjíbítì ju bọ́ǹbù sí àwọn ìlú Sáúdí tó wà lẹ́bàá ẹnu ààlà. Nígbà tí ó di June 1967, Ísírẹ́lì ṣẹ́gun Íjíbítì, Jọ́dánì àti Síríà láàrin ọjọ́ mẹ́fà péré. Ọ̀nà omi Suez tí ó ń mú owó wọlé fún Íjíbítì tì pa. Ọ̀tá Faisal ti ṣubú lulẹ̀.

Kí ni Faisal ṣe? Nígbà tí àwọn olórí ilẹ̀ Lárúbáwá pàdé ní Khartoum ní òpin August ọdún náà, Sáúdí gbà láti máa san £50 mílíọ̀nù lọ́dọọdún, Kùwéètì £55 mílíọ̀nù, Líbíà £30 mílíọ̀nù. Nínú owó náà, Íjíbítì yóò gba £95 mílíọ̀nù, Jọ́dánì yóò gba £40 mílíọ̀nù. Báyìí ni ilẹ̀ tí ń gba ọkà láti Íjíbítì ṣe di ilẹ̀ tí ń gbé Íjíbítì ró. A kò ní tan ara wa jẹ: àdéhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Khartoum kan náà ni Nasser ti gbà láti kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Yẹ́mẹ̀n. Àánú àti ọgbọ́n òṣèlú jọ rìn pọ̀ ni.

Faisal tún mọ̀ pé ọba lè kú, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi òfin gbé kalẹ̀ yóò dúró. Kùwéètì ti ṣíwájú ní ọdún 1961 nípa dídá àpò owó sílẹ̀ láti máa yá àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú lówó. Ní ọdún 1974, Sáúdí náà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní December 1973, àwọn mínísítà ètò ìnáwó ti àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí péjọ sí Jeddah, wọ́n sì pinnu láti dá Báńkì Ìdàgbàsókè ti Ìsìlàámù sílẹ̀. Báńkì yìí kì í gba owó èlé. Àgbájọ ọwọ́ ni: àwọn ilẹ̀ tó ń dá owó sí i náà ni wọ́n ń jàǹfààní rẹ̀. Bénin àti Tógò wà nínú wọn, Nàìjíríà sì wọlé ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Láàrin oṣù díẹ̀ ní òpin ọdún 1973, iye owó epo di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ilẹ̀ tálákà tí kò ní epo náà ra epo ọ̀wọ́n. Ní ọdún 1972, Faisal ti bẹ ilẹ̀ Áfíríkà bíi Chad, Niger àti Senegal wò, ó sì ṣèlérí ìrànlọ́wọ́. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fún wọn, iye owó epo tún gba nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń gbà fi gbọ́dọ̀ máa ṣe ìṣirò, kí ó má kàn máa dúpẹ́ nìkan. Kí ó béèrè pé: kí ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ mi? Ìgbà wo ni èmi náà yóò dá dúró?

Ní March 25, ọdún 1975, ọmọ àbúrò Faisal yìnbọn pa á ní Riyadh níbi tí ó ti ń gba àlejò. Wọ́n sin ín sí ibojì tí kò ní àmì kankan, bí wọ́n ti ń sin gbogbo Mùsùlùmí ibẹ̀. Ní October ọdún kan náà, báńkì ṣílẹ̀kùn. Kò fojú rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó ń gbà lónìí kò ní kó máa gbà títí láé. Kí ó tún ilé rẹ̀ ṣe, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí Ọlọ́hun bá sì bu ọwọ́ kún un, kí ó rántí bí ó ṣe rí lára nígbà tí òun náà ń tọrọ. Kí Ọlọ́hun forí ji Ọba Faisal, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí yóò ní, tí yóò sì lè fúnni. Àmín.