Obì Ọwọ́ Baṣọ̀run Gáà

 Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í yára gba olóṣèlú gbọ́, àgàgà èyí tó ń fi Elédùmarè búra. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn afọbajẹ. Bí ọdún Ọ̀run bá dé, òun náà ló ń da obì láti mọ̀ bóyá orí Aláàfin ṣì gba ọba. Bí wọ́n bá sì kọ ọba, ọba gbọ́dọ̀ ṣígbá wò nìyẹn. Kí ọba má baà ṣe àṣejù ni àwọn baba wa ṣe fi agbára yìí sọ́wọ́ Baṣọ̀run. Wọn kò rántí pé Baṣọ̀run náà lè ṣe àṣejù.

Gáà sọ agbára ìlú di ti ara rẹ̀. Ìtàn ka ọba mẹ́rin sí i lọ́rùn: Làbísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé. Ọjọ́ 17 péré ni Làbísí lò. Awọ́nbíojú lo ọjọ́ 130. Ẹ̀rín máa ń pa mí: orí ọba mẹ́rin kọ ọba, orí Gáà nìkan ni kò kọ Gáà! Ọwọ́ tó ń da obì náà ló kúkú ń jẹ ẹ́.

Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká sí ìlú gbogbo, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ọba jẹ. Abíọ́dún gorí ìtẹ́, ó ń lọ kí i láràárọ̀. Wọ́n ní Gáà fẹ́ fi ẹran àgbọ̀nyín rúbọ, kò rí i, ló bá mú ọmọbìnrin Abíọ́dún tó ń jẹ́ Àgbọ̀nyín. Èmi awo ń sọ fún yín: bí ẹbọ bá pe ẹran, ẹran ló pè. Alágbára ló túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ní 1774, Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Ọyábi, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Wọ́n pa àwọn ọmọ Gáà káàkiri. Wọ́n mú òun náà, arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Oògùn kò jẹ́. Ikú rẹ̀ di òwe títí dòní.

Bí ìdìbò bá kù dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ onígíláàsì dúdú máa ń yà sílé àwa awo lóru. Wọ́n á bi Ifá bóyá àwọn á wọlé. N kò tíì rí èyí tó bi í bóyá òun á jalè. Bí Ifá bá ní rárá, wọ́n á ní kí n tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbé ṣánlẹ̀. N kì í gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Awo tó bá ń dífá fún àpò ara rẹ̀, Gáà kékeré ni.

Ifá kì í purọ́. Ènìyàn ló ń purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá ní obì yàn, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó dà á.