Mósè Orímọládé, Ọmọ Ìkàrẹ́, àti Ààwẹ̀ Màmá Mi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìdúró níwájú pátákó yìí. Mo mọ̀ pé bíréèkì ò gùn, ẹ sì ti fẹ́ lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí náà ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọdún 2025? Àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Lẹ́ńtì tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Kíláàsì wa pín sí méjì. Iyàn ò tán nílẹ̀: ta ló ń gbààwẹ̀ gidi, ta ló kàn ń fi ebi ṣeré? Màmá alákàrà ẹnu géètì ní tawa ò kan òun, pé gbogbo wa la jọ ń ba ọjà òun jẹ́.

Nílé wa l'Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe iyàn lásán. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, Séráfù ni wọ́n látìgbà èwe wọn. Wọ́n ní àrùn àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fi ebi pa ara wọn. Màmá gbọ́, wọn ò gbà. Wọ́n ní ọmọ Orímọládé ni àwọn, ọmọ Orímọládé kì í sá fún ààwẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì, òòyì kọ́ wọn níwájú ilé. Èmi tí mo ń bọ̀ láti ilé ìwé ni mo dì wọ́n mú kí wọ́n tó ṣubú. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá wádìí ẹni tí Orímọládé yìí jẹ́ gan-an.

Ìkàrẹ́ níbí ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1879, ìdílé ọba sì ni. (Ẹ má bínú bí mo ṣe ń kọ "ó" fún un. Màmá á bá mi wí, àmọ́ olùkọ́ Yorùbá wa ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìtàn.) Túnọláṣe ni orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti fẹ́ dìde rìn, tí ẹ̀rù ba bàbá rẹ̀, tó fi ọfọ̀ dá a jókòó. Bó ti wù kó rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní lójú àlá ni wọ́n ti sọ fún un pé kó fi omi odò wẹ ẹsẹ̀ náà, ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló rìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò padà bọ̀ sípò tán. Títí ó fi kú, ó ń tiro ni.

Ibí yìí ni mo dúró sí pẹ́ jù. Èmi tí ẹsẹ̀ mi dá ṣáṣá, bí mi ò bá rí takisí láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́ láàárọ̀, ńṣe ni mo máa ń kùn. Ọkùnrin yìí fi ẹsẹ̀ tó ń tiro wàásù káàkiri Àkókó, ó dé Kàbbà, ó dé Lọ́kọ́ja, ó dé Bìní, ó tún dé Zaria àti Ìlọrin. Kò lọ sí ilé ìwé, àmọ́ Bíbélì wà lórí rẹ̀. Kò fẹ́yàwó. Ní 1924 ó wọ Èkó, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ ọ́ ní Bàbá Aládùúrà.

Ọ̀rọ̀ òṣùpá wá wọ inú ìtàn rẹ̀, ẹnu yà mí. Gbogbo wa mọ̀ pé Mùsùlùmí ń wo oṣù kí wọ́n tó gbààwẹ̀. Àwa Kìrìsìtẹ́nì náà ń tẹ̀lé òṣùpá, ọ̀pọ̀ wa ni ò kàn mọ̀. Ọdún Àjíǹde máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bá dé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ ìgbà tí Lẹ́ńtì máa bẹ̀rẹ̀. Ràmàdáánì ń sún sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n Àjíǹde ò lè kúrò láàárín ọjọ́ 22 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ méjèèjì fi máa ń pàdé nígbà mìíràn, tí wọ́n á tún pínyà. Kódà ní Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń gbààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí oṣù bá lé àti ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí òṣùpá bá pé. Ìyẹn ò jẹ́ kí iyàn kíláàsì wa ní láárí mọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká padà s'Ékòó. Àwọn Kátólíìkì ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Corpus Christi, tí wọ́n máa ń gbé Ara Olúwa yíká ìgboro. Ọjọ́ 60 lẹ́yìn Àjíǹde ni. Ní 1925, Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin. Mo fi kàlẹ́ńdà fóònù bàbá mi kà á fúnra mi, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ló já sí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ wòran wọn, tó ní òun rí áńgẹ́lì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó bọ́ sínú ìran, kò jí. Orímọládé ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó gbàdúrà, ọmọ náà jí, ni èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá.

Èrò yìí di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ò sì ní orúkọ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìtàn ẹgbẹ́ sọ pé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí lẹ́tà lójú ọ̀run, ni wọ́n bá di Séráfù ní oṣù Kẹsàn-án 1925. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi Kérúbù kún un. Òun àti Abíọ́dún pínyà ní 1929, ìyẹn dùn mí, àmọ́ mi ò ní fi ìjà àgbàlagbà kún pátákó. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1933, Òjòkòrò lápá Agége ni wọ́n sin ín sí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ní kí wọ́n wò ó, ẹni tí wọ́n ń tọ ipa rẹ̀ ò fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò dá mi lóhùn. Alhájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá bá mi dá sí i. Ó ní nínú ẹ̀sìn tòun, aláìsàn tí kò lè gbààwẹ̀ mọ́ á máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ. Màmá dákẹ́, wọ́n ń fi ìka ka nǹkan.

Nígbà tí Lẹ́ńtì ọdún yìí dé, Màmá ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ní aago méje àárọ̀, wọ́n ń lo oògùn wọn lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á bu ẹ̀wà sínú abọ́, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, fún bàbá arúgbó kan tó ń dá gbé lọ́nà ọjà. Èmi ni mo ń gbé e lọ kí n tó wọ takisí, èmi tí mo wà nínú ààwẹ̀, ata díndín orí ẹ̀wà yẹn á sì máa ta sánsán sí mi nímú títí mo fi dé ibẹ̀.