Aréògún Ọ̀sì: agbẹ́gilére tí Epa kò lè gbàgbé

Ẹni tó bá ti wo eré Epa nílẹ̀ Èkìtì mọ̀ pé kì í ṣe eré ọmọdé. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò, ibẹ̀ ni eléré ń ki orí bọ̀. Lókè, ẹ ó rí jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá ọlọ́mọ tí àwọn ọmọ yí ká. Òmíràn wúwo ju 20 kílò lọ, síbẹ̀ eléré gbọ́dọ̀ gbé e fò sórí òkìtì. Tó bá fò ó láìkọsẹ̀, inú ará ìlú á dùn pé ọdún á yabo.

Ọ̀kan lára àwọn tó mọ ère yìí gbẹ́ jù lọ ni Dada Aréògún, ọmọ Ọ̀sì, ìlú Èkìtì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n bí i. Lẹ́nu Èkìtì, eó ni owó. Ẹni tó rí owó nídìí Ògún ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Lóòótọ́, irin Ògún, ìyẹn àáké àti ọ̀bẹ, ló fi jẹun.

Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé, àgbà agbẹ́gilére Ọ̀sì, ló ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ní ìpele mẹ́rin. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń la igi sí ìrísí ère. Ní àlétúnlé ni ojú, apá àti ẹsẹ̀ ti ń yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí fínfín tó wá kádìí rẹ̀: irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Kò gbẹ́ Epa nìkan o, ó tún gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti ọpọ́n Ifá.

Ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ àti ìmàle ń gbilẹ̀, àwọn tó ń bẹ iṣẹ́ Epa sì ń dín kù. Ta ló máa wá jogún àáké? Kì í ṣe Aréògún fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ rẹ̀, Bándélé, níṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣámúkọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, lọmọ náà ti kọ́ ọ. Nígbà tó di 1947, àwọn fadá Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, Bándélé sì ń gbẹ́ ère ìtàn Bíbélì níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbẹ́ Epa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tí ayé mọ̀ lẹ́yìn náà, ti kọ́ṣẹ́ láti 1949.

Aréògún kú ní 1954. Ọ̀pọ̀ ère ilẹ̀ Yorùbá tí òyìnbó kó lọ ni wọn kò kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ sí. Ti Aréògún kò bá ìyẹn lọ: ọmọ iṣẹ́ ń dárúkọ ọ̀gá, ọ̀gá ń dárúkọ bàbá.