Ẹfúnróyè Tinúbú: Ìyá Ọlọ́jà Tí Ó Pàtẹ ní Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta

Àwọn ìyá wa ni a ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ sí ní Kétu, púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà ni ó sì jẹ́ pé ọjà ni wọ́n fi ń bọ́ ilé. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí ìwé ọdún wa gba ìtàn ìyá ọlọ́jà kan tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹfúnróyè Tinúbú kì í ṣe ọmọ Kétu. Ṣùgbọ́n ogun Dàhòmì tí ó sọ ọ́ di Ìyálóde ni ó padà wá jó ìlú wa, ọjà tí ó sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ jẹ́ ọjà tí a ti ń ta ọmọ ènìyàn.

Nǹkan bí ọdún 1810 ni wọ́n bí i, ní ilẹ̀ àwọn Gbágùrá, kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Ọwọ́ àwọn ìyá ilé rẹ̀ ni ó ti kọ́ òwò. Ará Òwu ni ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó bí ọmọkùnrin méjì fún un kí ọkọ náà tó kú. Ní 1833, Adélé, ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò lórí oyè, fẹ́ ẹ, ó sì tẹ̀lé e lọ sí Àgbádárìgì tòun tàwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì kú sí. Kò bí òmíràn mọ́ títí ó fi fi ayé sílẹ̀.

Àgbádárìgì ni òwò rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ọkọ̀ òkun ń já tábà, ọtí àti ìbọn sí etíkun. Epo àti oúnjẹ ń ti òkè wá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn tí ogun kó. Tinúbú rí i pé ẹni tí ó bá ní ọwọ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni yóò jèrè lọ́nà méjì. Tábà àti iyọ̀ tí ó gbà létíkun ń lọ sókè, ohun tí wọ́n sì fi san án lókè ń padà wá sétíkun. Àwọn ìbátan rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń ṣojú fún un níbẹ̀, orúkọ ọba tí ó fẹ́ sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún un létíkun. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, òun náà kò sì dá òwò ṣe.

Ní 1835, wọ́n dá Adélé padà sórí oyè, Tinúbú sì bá a lọ sí Èkó. Kò ju ọdún méjì lọ tí ọba náà fi wàjà. Opó náà fẹ́ Yésúfù Bádà, ọ̀gágun tí ó ní àṣẹ láàfin, ó sì ń bá òwò rẹ̀ lọ. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ mọ́ Akítóyè lọ́wọ́. Tinúbú, tí ó jẹ́ ti Akítóyè, sá padà sí Àgbádárìgì. Ó fi Èkó sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà àtijọ́ àti ọ̀nà òkè ṣì wà fún un. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé Kòsọ́kọ́ ní December 1851, tí Akítóyè sì padà, Tinúbú padà wọ Èkó ní ọlọ́rọ̀.

Ọrọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀ràn. Lábẹ́ Dòsùnmú, ọba tí ó jẹ lẹ́yìn Akítóyè ní 1853, ohùn Tinúbú ń lé tente láàfin. Campbell, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1856, wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oyè gba ìsọ̀ Èkó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó fìdí múlẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta. Ó ń ta epo àti òwú, ó sì ń kó ìbọn àti ẹ̀tù wọ̀lú. Ní March 1864, nígbà tí ogun Dàhòmì dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, ohun ìjà tí ó pèsè wà lára ohun tí àwọn Ẹ̀gbá fi lé wọn padà. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá. Ó kú ní 1887.

Ní Kétu, a kò lè ka ìtàn yìí tán láìwo ìhà kejì. Àdéhùn tí Akítóyè bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní January 1852 ka òwò ẹrú léèwọ̀, síbẹ̀ Tinúbú kò jáwọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Àìmọye ọmọ Kétu ni òwò yẹn gbé kọjá òkun. Títí di òní, àwọn olórìṣà kan ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ṣì ń jẹ́ orúkọ Kétu. Ní 1883 ni Dàhòmì kọ́kọ́ jó ìlú wa. Ní 1886 wọ́n tún dó tì í, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àbọ̀mé. Àwa kò ní ẹ̀tù tó èyí tí Abẹ́òkúta ní. Ìgbà tí Faransé borí Dàhòmì ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù tó padà wá tún ilé kọ́.

Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹnu kan náà ni a fi ń yin ọmọ ìlú tí a fi ń bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á ka ìyá yìí. Ọgbọ́n òwò rẹ̀ kò ní àbùkù: ó ní ènìyàn ní ọjà kọ̀ọ̀kan, kò sì fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sí ìlú kan. Àwọn ìyá tí ń náwó láàárín Kétu, Ìlárá àti Mẹ́kọ mọ èyí dáadáa, nítorí bí ẹnubodè bá tì lónìí, ẹni tí ó ní aṣojú ní ìhà kejì kò ní kó ọjà rẹ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n èrè tí a fi ọmọ ẹlòmíràn jẹ kì í ṣe ohun à ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àwọn aláṣẹ wa náà ní ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára, owó orí ọjà tí kò ni ìyá lára, àti ìlú tí kò sí ìjà oyè ni oníṣòwò fi ń dúró pẹ́.

Ère Tinúbú wà ní Ìta Ìyálóde ní Abẹ́òkúta, gbàgede kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkó. Obìnrin tí kò sí ọmọ láti jogún rẹ̀ ni ìlú méjì ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́.